Ohùn Alààyè, Orin Àná: Ohun tí Francesco De Gregori Kò Ṣe nínú Vivavoce

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni Francesco De Gregori, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Ítálì, gbé àwo orin kan jáde. Ọmọ ọdún 63 ni nígbà náà. Àwo náà jẹ́ oníbejì, orin 28 ni ó sì wà nínú rẹ̀. Vivavoce ni olórin náà sọ ọ́. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni ohùn alààyè. Òun náà ni àwọn ará Ítálì ń pe tẹlifóònù tí a bá gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo ará ilé lè gbọ́ ohun tí ẹni tí ó wà lódì kejì ń wí. Orúkọ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí páálí àwo yìí láti wá orin tuntun tí De Gregori fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ yóò wá a tì. Orin ọdún 1973 wà níbẹ̀, orin ọdún 1975 wà níbẹ̀, ti 1978, ti 1982, ti 1983. Àwọn orin tí ó ti wà nínú ilé àwọn olùgbọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ ni a tún kó lọ sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀, tí a fọ̀ wọ́n, tí a lọ̀ wọ́n, tí a sì tún padà tà wọ́n fún àwọn tí ó ti rà wọ́n rí.

Ìjákulẹ̀ ni àwo yìí. Ó yẹ kí a pè é bẹ́ẹ̀ láìfi epo bọ̀ ọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fi ìyìn bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ní àgbà olórin ń ṣe àjọyọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó tọ́ sí i. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ rò pé olórin náà ni àwọn ń gbè, wọn kò sì fura pé ohun tí àwọn ń wí ni pé kò sí ohun tí àwọn ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ọ̀dọ́ òǹkàwé tí kò gbọ́ orúkọ De Gregori rí, ó yẹ kí ó mọ irú olórin tí ó jẹ́. Àwọn ará Ítálì ní orúkọ kan fún wọn: cantautore. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀, akọrin àti òǹkọ̀wé. Cantautore kì í dúró de ẹlòmíràn kí ó wá kọ ọ̀rọ̀ sí òun lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ro orin náà, òun ni yóò wá ohùn sí i, òun ni yóò sì gbé gìtá kọ́ èjìká tàbí kí ó jókòó sídìí dùùrù, kí ó kọ ọ́ síta. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni orúkọ náà ti di mímọ̀. Adéhùn kan wà láàárín irú olórin bẹ́ẹ̀ àti àwọn olùgbọ́ rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rí: ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ní àkókò tirẹ̀, yóò sọ ọ́. Olórin tí ń kọ orin olórin lè jáde lọ́dọọdún kí ó máa kọ orin kan náà, kò sí ẹni tí yóò bú u. Ti cantautore yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ní láti sọ ni ọjà rẹ̀.

De Gregori mú adéhùn yìí ṣẹ fún ìgbà pípẹ́. Róòmù ni a ti bí i ní ọdún 1951, ní Folkstudio sì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ibi kékeré kan ní ìlú náà tí àwọn ọ̀dọ́ onígìtá máa ń kóra jọ sí. Ní 1972 òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Antonello Venditti pín àwo kan ṣe. Ní ọdún kejì ó gbé orin Alice lọ sí ìdíje orin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ipò ìkẹyìn ni ó sì gbà. Kò yani lẹ́nu. Orin náà kò ní ìtàn kan tí ènìyàn lè fi ọwọ́ mú: ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ń wo ológbò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn wà ní àyíká rẹ̀ tí ayé wọn ń dojú rú, tí ọmọ náà kò sì mọ̀. Àwọn adájọ́ ìdíje kò mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, Rimmel jáde, olórin tí ó gba ipò ìkẹyìn sì di ẹni tí gbogbo ọ̀dọ́ ilẹ̀ náà ń kọ orin rẹ̀ lẹ́nu. Ọmọ ọdún 23 ni.

Kí ni ó fi gba ọkàn wọn? Kì í ṣe ohùn. Ohùn De Gregori kò tóbi, imú ni ó sì máa ń gbà jáde díẹ̀. Ojú tí ó fi ń wo nǹkan ni. Nínú Pablo, tí òun àti Lucio Dalla jọ ṣe ohùn rẹ̀, ó sọ ìtàn òṣìṣẹ́ kan tí ó kú sẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ àjèjì, ní Switzerland. Ẹni tí ó sọ ìtàn náà kò sunkún, kò ṣe ìwàásù, ṣùgbọ́n olùgbọ́ kò lè gbàgbé òkú náà. Nínú Generale ti 1978, ó mú ogun, ó sì yọ gbogbo ògo kúrò lára rẹ̀. Ní 1982 ó gbé Titanic jáde, àwo tí ọ̀pọ̀ kà sí èyí tí ó ga jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Orin mẹ́ta nínú rẹ̀ dá lórí ọkọ̀ ojú omi ńlá tí ó rì ní 1912, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ọ̀nà tirẹ̀ wọ inú ọkọ̀ náà. Ọ̀kan bá ọmọkùnrin kan tí ń lọ ko èédú sínú iná ẹ̀rọ ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tí ó ń sin ín lọ. Òmíràn bá ọ̀gá ọkọ̀ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé agbára irin. Nínú àwo kan náà ni San Lorenzo wà, orin àdúgbò Róòmù tí bọ́ǹbù rọ̀ lé lórí ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1943. Ẹni tí ó kọ àwọn orin wọ̀nyí jẹ́ ẹni ọdún 31 tí ó ń fi orin kọ ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà tí ìwé ìtàn kò gbà.

Ẹni tí ó ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ni ó wá ṣe Vivavoce. Bí ó bá jẹ́ olórin yẹpẹrẹ ni, ta ni yóò wulẹ̀ máa bínú?

Àwọn ará Ítálì ní àkànlò kan fún nǹkan tí a tún padà ṣe lẹ́yìn tí adùn rẹ̀ ti tán: ọbẹ̀ àná tí a tún gbé kaná. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá dáná rí mọ̀ pé ọbẹ̀ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ kejì ni ó ń dùn, nígbà tí iyọ̀ àti ata bá ti wọ ẹran lára. Nítorí náà kò tọ́ kí a kàn gbọ́ pé orin àtijọ́ ni kí a sì da àwo náà nù. Ó yẹ kí a tọ́ ọ wò.

Alice ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Nínú Vivavoce, De Gregori kò dá a kọ. Luciano Ligabue ni ó pè, olórin rọ́ọ̀kì tí ń kún pápá ìṣeré fọ́fọ́. Àwọn méjèèjì pín orin náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọ̀kan gbé e, èkejì gbà á. Ó dùn mọ́ àwọn tí ó fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí ni Alice ń sọ? Ìdánìkanwà ni. Àwọn ènìyàn inú orin náà ń jìyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìmọ̀ nípa ara wọn; ọmọbìnrin náà ń wo ohun tí ó ń wò, ayé sì ń kọjá. Ohùn ọ̀dọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dá nìkan wà ní 1973 jẹ́ apá kan ìtumọ̀ orin náà. Nígbà tí àgbà ọkùnrin méjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ bá ń fi ayọ̀ ju ọ̀rọ̀ orin náà sí ara wọn, ó ti di àpèjẹ àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́. Orin tí ó gba ipò ìkẹyìn nítorí pé kò fẹ́ tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn ti di orin tí ń wá ojú rere gbogbo ènìyàn.

Èyí tí ó tẹ̀lé e nínú ẹ̀ṣẹ̀ ni Buonanotte fiorellino. Ní 1975, orin ìdágbére fún òdòdó kékeré ni, ó rọra ń yí bí ijó alẹ́, kò ju kí ènìyàn fi rẹ ọmọ sùn lọ. Ní ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ tí ń fẹ́ kí gbogbo orin jẹ́ orin ìjà bínú sí i, wọ́n ní ó dùn jù. Òun kò dá wọn lóhùn. Nínú Vivavoce, orin náà ti gba orúkọ tuntun, Fiorellino #12&35, ẹni tí ó bá sì mọ orin Bob Dylan yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé láti ara Rainy Day Women #12 & 35 ti ọdún 1966 ni a ti ya orúkọ náà. Ìlù àwọn ọ̀mùtí tí ó wà nínú orin Dylan ni a sì fi wọ òdòdó kékeré náà láṣọ. Àwàdà ni. Àwàdà tí ó dára ni, ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ní ìgbà kẹta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni a gbà lọ́wọ́ òun, kí ni a sì fi rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù kò burú. Bóyá ibẹ̀ gan-an ni ìjákulẹ̀ náà wà. Àwọn onílù mọ iṣẹ́ wọn, ohùn De Gregori ti jinlẹ̀, ó ti há díẹ̀, ó sì ní ẹwà àgbàlagbà. Kò sí ibi tí ó ti ṣubú. Kò sí ibi tí ó ti gun òkè pẹ̀lú. Ẹ wo Rimmel, orin ìfẹ́ tí ó tú ká: ọmọ ọdún 23 ni ó kọ ọ́, ọgbẹ́ náà sì tutù nínú rẹ̀. Kí ni ẹni ọdún 63 mọ̀ nípa ọgbẹ́ yẹn tí ẹni ọdún 23 kò mọ̀? Ohun púpọ̀ ni yóò jẹ́. Ó lè sọ bí ó ti rí nígbà tí ẹni tí a fẹ́ràn nígbà kan bá di àlejò tí a pàdé nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó lè sọ pé òun kò rántí ojú rẹ̀ mọ́. Irú orin bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùgbọ́ tí wọ́n bá a dàgbà ń retí, àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà tí irun orí wọn ti funfun báyìí. Ohun tí wọ́n gbà ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 23, láìyọ ẹyọ kan, ní ẹnu arúgbó.

Àwọn alágbàwí De Gregori ní àwíjàre, ọ̀kan nínú wọn sì lágbára. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ó ti ń yí orin rẹ̀ padà. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá lọ wo eré rẹ̀ mọ̀ pé ó lè mú orin tí gbogbo gbọ̀ngàn mọ̀ kí ó sì yí ìlù rẹ̀ padà débi pé àwọn tí ó fẹ́ gbe orin náà yóò kàn dákẹ́, ẹnu wọn yóò sì wà ní ìlàkalà. Ọ̀dọ̀ Dylan ni ó ti kọ́ ìwà náà, kò sì fi í pamọ́. Gẹ́gẹ́ bí àwọn alágbàwí ti wí, Vivavoce kàn mú ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí ìtàgé wá sínú àwo ni. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Lórí ìtàgé, ìyípadà náà jẹ́ ewu: olórin dojú kọ ogunlọ́gọ̀ tí ó ti sanwó láti gbọ́ ohun kan, ó sì fún wọn ní òmíràn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti kọjá lọ, ó sì lè yí i padà ní ìlú tí ó kàn. Nígbà tí a bá dè é mọ́lẹ̀ sínú àwo, tí a sì tò ó bí àkójọ orin tí ènìyàn mọ̀ jù, ewu náà ti kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó kù ni ìtajà.

Àwíjàre kejì ni pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí olórin kọ orin àtijọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ní 2002 De Gregori pẹ̀lú Giovanna Marini, akọrin àti olùwádìí orin ìbílẹ̀ Ítálì, ṣe àwo kan tí ń jẹ́ Il fischio del vapore. Orin àtijọ́ ni ó kún inú rẹ̀: orin àwọn òṣìṣẹ́, orin ìjà, orin ìṣọ̀fọ̀, èyí tí òun kò kọ. Ayé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì jàre. Àwọn orin wọ̀nyẹn wà ní ẹnu àwọn àgbàlagbà àti nínú àpótí àwọn olùwádìí; àwo náà fà wọ́n jáde, ó gbé wọn fún àwọn ọmọ tí kò mọ̀ pé irú wọn wà. Ìyẹn jẹ́ iṣẹ́. Orin La donna cannone kò sọnù sínú àpótí ẹnikẹ́ni. Kò sí ọmọ Ítálì tí ó nílò kí a wá fi í hàn án.

Ìkẹta ni ọ̀wọ̀ fún àgbà, àwíjàre yìí ni yóò sì kọ́kọ́ wá sí ẹnu àwọn òǹkàwé Yorùbá. Ta ni ọmọdé tí yóò máa fi ìka tọ́ àgbà pé kò ṣe dáadáa? Ìbéèrè náà tọ́ láti bi, ṣùgbọ́n àṣà kan náà tí ó ní kí a dọ̀bálẹ̀ fún àgbà ni ó sọ pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọ̀wọ̀ ní ẹrù tirẹ̀. Bí a bá gbà pé De Gregori jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ rẹ̀, a gbà pé ó mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ àti àfarawé iṣẹ́, kò sì sí ìdí tí a óò fi máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ń yin àgbà fún gbogbo ohun tí ó bá ṣe ti ń ṣe é bí ọmọ ọwọ́ tí a ń pàtẹ́wọ́ fún nítorí pé ó dìde dúró.

Ọ̀nà tí kò dára wà láti gbà bá De Gregori wí, ó sì ti tọ́ ọ wò. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1976, ní gbọ̀ngàn Palalido ní ìlú Milan, àwọn ọ̀dọ́ olóṣèlú kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní ajìjàgbara já wọ inú eré rẹ̀. Wọ́n dá a dúró lórí ìtàgé bí ẹni tí ó jalè, wọ́n ń bi í léèrè iye owó tí ó ń gbà àti ìdí tí kò fi fi í ṣe ìjàgbara. Ìyẹn kì í ṣe lámèyítọ́. Àwọn tí ó ṣe é kò bi í léèrè ohun kan nípa orin. Ọkùnrin náà ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́, wọ́n sì ti kọ ìdájọ́ wọn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ọgbẹ́ náà dùn ún débi pé ó fi ìtàgé sílẹ̀ fún ìgbà kan. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní lámèyítọ́ mọ ìtàn yìí, nítorí pé láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ítálì ti ń bẹ̀rù àtibá àwọn olórin wọn wí, kí a má baà kà wọ́n mọ́ àwọn ará Palalido. Ṣùgbọ́n láti sọ pé orin kan kò dára, kí a sì tọ́ka sí ibi tí kò ti dára, kì í ṣe ẹ̀ka igi kan náà pẹ̀lú kí a já wọ inú eré ènìyàn. Iye tí De Gregori rí lórí Vivavoce kò kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó fi sínú rẹ̀ ni ó kan gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ọ.

Àwọn kan á ní ọjọ́ orí ni. Wọ́n á ní kò sí olórin tí ó ń kọ orin ńlá lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n. Fabrizio De André, ọmọ Genoa, tí òun àti De Gregori jọ kọ ọ̀pọ̀ orin inú àwo Volume 8 ní 1975, ti di ẹni ọdún 44 nígbà tí ó gbé Creuza de mä jáde ní 1984. Ẹ̀ka èdè Genoa ni ó fi kọ gbogbo rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ará Ítálì kò gbọ́. Olórin tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ kọ orin tí orílẹ̀-èdè náà kò ní gbọ́! Ní 1996, ọdún mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀, ó tún ṣe Anime salve pẹ̀lú Ivano Fossati, àwo tí ó ṣe é ṣe kí ó jẹ́ èyí tí ó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Fossati fúnra rẹ̀ ṣe ohun mìíràn tí ó yẹ fún ìyìn. Ní 2011, nígbà tí ó pé ẹni ọgọ́ta ọdún, ó kéde pé àwo Decadancing ni yóò kẹ́yìn iṣẹ́ òun, ó sì kúrò lórí ìtàgé lọ́dún kejì. Nígbà tí ó tún padà yọjú ní 2019, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mina, orin tuntun tí ó kọ ni ó mú lọ́wọ́. Ọ̀nà méjì tí kò ní ìtìjú nínú nìyẹn: kí olórin sọ ohun tuntun, tàbí kí ó dákẹ́.

Dylan tí De Gregori fẹ́ràn ni ó sì dára jù láti fi wé e. Ọdún 2012 ni De Gregori gbé Sulla strada jáde, àwo orin tuntun tirẹ̀ tí ó ṣe kẹ́yìn kí Vivavoce tó dé. Ọdún 2012 kan náà ni Dylan, ẹni ọdún 71, gbé Tempest jáde. Orin tí ó gba orúkọ àwo náà tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, lórí kí ni? Lórí Titanic. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ orin nípa ọkọ̀ náà ni ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀, tí ó tún rí ohun tuntun níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Dylan náà lo ọdún díẹ̀ láti kọ orin àwọn ẹlòmíràn, àwọn orin àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti 2015 títí dé 2017. Àwọn alágbàwí De Gregori máa ń tọ́ka sí èyí. Ó yẹ kí wọ́n tọ́ka sí ohun tí ó tẹ̀lé e pẹ̀lú: ní 2020, ní ẹni ọdún 79, pẹ̀lú ẹ̀bùn Nobel ní ọwọ́, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò bú u bí ó bá lọ sùn, Dylan gbé Rough and Rowdy Ways jáde, orin tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

De Gregori náà kò sùn pátápátá. Ní 2015, ọdún kan lẹ́yìn Vivavoce, ó tú orin Dylan mọ́kànlá sí èdè Ítálì, ó sì pe àwo náà ní Amore e furto, ìfẹ́ àti olè. Àwo yẹn sàn ju Vivavoce lọ fíìfíì. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti tú ewì rí mọ̀ pé iṣẹ́ ni: ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bá ohùn lọ, ìtumọ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣubú lulẹ̀. Ó jẹ́ ohun ìbànújẹ́ díẹ̀ pé orin ẹlòmíràn ni olórin náà ti tún ṣiṣẹ́ bí òǹkọ̀wé.

Àwíjàre kan ṣẹ́kù, èyí tí ó dùn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé láti inú iṣẹ́ De Gregori ni wọ́n ti fà á yọ. Nínú àwo Titanic ni La leva calcistica della classe '68 wà, orin ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nino, ọmọ ọdún 12, tí ó lọ dán ara rẹ̀ wò ní pápá bọ́ọ̀lù. Gbogbo ará Ítálì ló mọ ọ̀rọ̀ tí orin náà bá ọmọ yìí sọ: kí ó má bẹ̀rù pé òun lè gbá pẹnáritì jù síta, nítorí pé ibẹ̀ kọ́ ni a ti ń mọ agbábọ́ọ̀lù. Àwọn alágbàwí á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní: ẹ fi baba sílẹ̀, ó kàn gbá ọ̀kan síta ni.

Ṣé ó gbá a? Olórin tí ó bá kọ orin tuntun mẹ́sàn-án tí kò sí èyí tí ó dára nínú wọn ti gbá bọ́ọ̀lù síta, orin Nino sì ti tú u sílẹ̀. Àwo burúkú tí olórin fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu nínú rẹ̀ ní ọlá tirẹ̀. Nínú Vivavoce, De Gregori kò gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ó gbé àwòrán àwọn góòlù tí ó ti gbá sẹ́yìn jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì, méjìdínlọ́gbọ̀n, ó sì pe àwọn aládùúgbò wá wò ó.

Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2024, De Gregori gba tíátà kékeré kan ní Milan, ibi tí àyè rẹ̀ kò gba ogunlọ́gọ̀, ó sì lo ọ̀pọ̀ alẹ́ níbẹ̀ láti kọ àwọn orin rẹ̀ tí ènìyàn kò mọ̀ dáadáa, tí ó ń yí wọn padà láti alẹ́ kan sí èkejì. Ó mú ewu lọ́wọ́ díẹ̀ nínú ìyẹn, ó sì yẹ kí a kà á sí i lọ́rùn. Ní 2025 ó padà sí ìtàgé ńlá, láti ṣe àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún Rimmel. Láàárín gbogbo èyí, láti Sulla strada títí dé òpin ọdún 2024, kò sí àwo orin tuntun kan tí ó jáde láti ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ tí a bí ní Róòmù ní ọdún tí Sulla strada jáde pé ọmọ ọdún 12 ní ọdún 2024, ọjọ́ orí Nino gan-an.